Ẹ bá wa yẹ irúgbìn wò kó tó kan ilẹ̀: Lẹ́tà ṣíṣí sí Kọmíṣánnà fún Ọ̀rọ̀ Àgbẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa, Kọmíṣánnà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé yìí sí yín. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mo sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi kọ́ àwọn ọmọ. Ewúrẹ́ ni mò ń sìn báyìí, pẹ̀lú àgùntàn díẹ̀, èmi náà ni mo sì ń gbin púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń jẹ. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wọn yìí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín.

Owó kọ́ ni mo wá tọrọ. Mo wá bẹ̀ yín kí ẹ ṣètò ibì kan, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan péré ní gbogbo ìpínlẹ̀ yìí, tí àgbẹ̀ lè gbé ewéko tó rọ lọ, kí wọ́n là á wò, kí wọ́n sì sọ fún un pé ohun báyìí ló pa á. Ibẹ̀ náà ni kí wọ́n ti máa yẹ irúgbìn oúnjẹ ẹran tó ń wọlé sọ́dọ̀ wa wò kó tó kan ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní èèṣí, mo ra irúgbìn ẹ̀wà lọ́wọ́ oníṣòwò kan, irú èyí tó máa ń nà kiri ilẹ̀, tí a ó jẹ ẹ̀wà rẹ̀, tí ewúrẹ́ yóò jẹ ìtàkùn àti ewé rẹ̀. Ó ní òkè Ọya ni òun ti gbé e wá. Inú àpò ìrẹsì ló wà, kò sí ìwé kankan lára rẹ̀ tó sọ ibi tó ti wá tàbí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbìn ín sí ìdajì éékà ní oṣù kẹjọ. Ó hù dáadáa, ó bo ilẹ̀ pátápátá, àwọn tó ń kọjá lọ sí oko wọn ń yà wá wò ó.

Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tanná ni mo rí i pé ẹyọ kan rọ lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oòrùn mú. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti tún nàró. Mo ní òùngbẹ ni. Mo pọn omi sí i. Ọ̀sán dé, ó tún rọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àmọ́ apá kan ṣoṣo ni o. Apá kejì tutù yọ̀yọ̀ bí ẹni pé igi méjì ni wọ́n so pọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mẹ́fà ti di bẹ́ẹ̀. Kí oṣù tó parí, ojú ibẹ̀ ti fẹ̀ tó ẹní mẹ́rin tí a tẹ́ síra wọn, ó sì ń tẹ̀ lé ọ̀nà tí àgbàrá gbà, láti òkè oko lọ sí ìsàlẹ̀.

Mo fa ọ̀kan tu. Gbòǹgbò rẹ̀ kò rà, kòkòrò kankan kò sí nínú rẹ̀, kò sì rùn. Mo mú ọ̀bẹ, mo là á láti ìdí. Ó yẹ kí inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Mo bá ìlà kan níbẹ̀ tó pọ́n bí omi tíì, ó gba inú gbòǹgbò wá, ó ń gòkè lọ nínú igi náà. Mo gé òmíràn, mo fi ojú ibi tí mo gé bọ omi nínú ife, mo gbé e sí ojú fèrèsé, mo sì jókòó tì í. Bó bá jẹ́ bakitéríà ló ń dà á láàmú, ohun funfun kan ìbá máa ṣàn jáde bí òwú tín-ín-rín tí a fi wàrà kùn. Omi náà mọ́ gaara. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní kíláàsì yóò rántí ife yẹn.

Nígbà náà ni mo fi ìwé ìròyìn wé mẹ́ta nínú wọn, mo gun ọ̀kadà lọ sí ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn bọ̀wọ̀ fún mi gidi. Ó yẹ wọ́n wò síwá, ó yẹ wọ́n wò sẹ́yìn, ó ní, "Mà, omi ni kò tó wọn. Ẹ bomi rin wọ́n dáadáa." N kò bínú sí i. Tábìlì kan ló wà níwájú rẹ̀, àti àga, àti kàlẹ́ńdà lára ògiri. Kí ni kó fi wò ó? Ojú lásán kò lè mọ̀yàtọ̀ láàárín òùngbẹ àti àrùn yìí, torí pé òùngbẹ náà ni àrùn yìí jẹ́, òùngbẹ tí omi kò lè pa.

Ọ̀gá mi, ibẹ̀ ni ẹ̀tàn rẹ̀ wà. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ń fa àrùn rírọ irú èyí, ìbátan ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu. Èyí tó ń bá ẹ̀wà jà, Fusarium ni wọ́n ń pè é. Inú ilẹ̀ ló ń gbé. Ẹnu gbòǹgbò ló ń gbà wọlé, pàápàá níbi tí aràn inú ilẹ̀ bá ti gún un lójú, yóò sì wọ inú ihò tín-ín-rín tí omi ń gbà gòkè nínú igi. Ibẹ̀ ló ń pọ̀ sí i, tí yóò fi dí ọ̀nà omi pa. Bí omi kún ilẹ̀ dé orúnkún, ewé kò ní rí mu. Ó dà bí ẹni tí okùn fún lọ́rùn tí wọ́n ń bu omi sí lẹ́nu. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà: oògùn tí a bá fọ́n sójú ewé kò lè dé ibi tó fara pamọ́ sí. Omi tí mo sì ń pọn sí i lójoojúmọ́, mo ti wá mọ̀ pé ó ń bá a gbé ara rẹ̀ kiri oko ni.

Èyí tó burú jù ni pé bí igi náà bá kú, fọ́ńgọ́ọ̀sì kò kú. Ó ń pèsè irúgbìn tirẹ̀ tí èèpo rẹ̀ nípọn, èyí tó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó lè ju mẹ́wàá lọ, tí yóò kàn máa dúró de gbòǹgbò tó wù ú. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kó tó kan ilẹ̀. Bó bá ti kan ilẹ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ẹlòmíràn lè ní kí ló kan Èkìtì nínú àrùn tó ń bá oúnjẹ ẹran jà ní ilẹ̀ gbígbẹ òkè Ọya. Ọdún tí mo fi sin ilẹ̀ baba wa, ìhà Katsina ni wọ́n gbé mi lọ. Bí wọ́n bá ti kórè ẹ̀wà àti ẹ̀pà níbẹ̀, wọn kì í sọ ìtàkùn rẹ̀ nù. Wọ́n á ká a jọ, wọ́n á gbé e sórí òrùlé tàbí sí àárín ẹ̀ka igi kí ẹran má baà dé ibẹ̀, yóò sì gbẹ tòun ti ewé rẹ̀. Harawa ni wọ́n ń pè é. Ní ọjà, ẹ ó rí i tí wọ́n dì í ní ìdì ìdì bí igi ìdáná, wọ́n sì ń ná an bí ẹni ná aṣọ. Mo rí ìyá kan tó ta ìdì harawa rẹ̀ tó fi san owó ilé ìwé ọmọ. Lọ́kàn tèmi nígbà náà, koríko gbígbẹ ni. Àwọn òyìnbó pàápàá, ẹ̀wà màlúù ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.

Harawa yẹn ti dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, láti oṣù kọkànlá lọ, àpò àpò ló ń bọ̀ nínú ọkọ̀ láti òkè, àwọn Sábó wa ni wọ́n ti ń já a. Láti 2016 tí Èkìtì ti ṣe òfin lórí dída ẹran jẹ̀ kiri, ẹni tó bá fẹ́ sin ẹran ní láti mọ ibi tí oúnjẹ rẹ̀ yóò ti wá. Àwa tó wà ní ìhà Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Mọ̀bà àti Ìléjeméje, níbi tí igbó ti ń fà sẹ́yìn tí ọ̀dàn ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ló ti ń gbin oúnjẹ ẹran fúnra wa. Ọgbà màlúù oníwàrà wà ní Ìkún-Èkìtì. Ohun rere ni gbogbo rẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Àmọ́ ibi tí irúgbìn ti ń wá, ilẹ̀ gbígbẹ ni, àrùn ilẹ̀ yẹn sì mọ ọ̀nà Èkìtì bí awakọ̀ ṣe mọ̀ ọ́n.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mọ̀rókò, torí òun ni kì í jẹ́ kí n sùn. Nínú aṣálẹ̀ níbẹ̀, ibi tí omi bá wà ni wọ́n ń gbin igi dàbínù sí. Abẹ́ òjìji igi náà ni wọ́n ń gbin alfalfa sí, ewéko tútù kan tó jẹ́ ọba oúnjẹ ẹran ní ilẹ̀ gbígbẹ, tí àgùntàn àti ewúrẹ́ fẹ́ràn bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn àkàrà. Wọ́n tún ń gbin làálì. Ní nǹkan bí 1870, ní àfonífojì odò Draa, igi dàbínù bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Imọ̀ ọ̀pẹ rẹ̀ kan á kọ́kọ́ funfun, láti apá kan lọ sí apá kejì, nítorí náà wọ́n pe àrùn náà ní bayoud, láti ara ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó túmọ̀ sí funfun. Fusarium ni. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, ó pa igi dàbínù tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ní Mọ̀rókò, ó sì kọjá sí Àlìjíríà, ó pa nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta níbẹ̀.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá wo ìdí rẹ̀, wọ́n bá fọ́ńgọ́ọ̀sì náà nínú gbòǹgbò alfalfa àti làálì. Alfalfa náà kò rọ. Kò pọ́n. Ẹran ń jẹ ẹ́, wọ́n ń gé e, ó ń hù padà, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Òun ló ń gbé ikú ẹlòmíràn pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀. Fusarium tó ń pa dàbínù kì í pa ẹ̀wà, ti ẹ̀wà kì í sì í pa dàbínù. Olúkúlùkù ló ní ohun tó ń bá jà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rù pé ọ̀pẹ wa ló kàn. Ohun tí mò ń tọ́ka sí ni pé kí ewéko rí dáadáa lójú kò tó ẹ̀rí. Ojú àgbẹ̀ mọ nǹkan púpọ̀, kò lè mọ èyí.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn tún wà, bí ẹ̀gbọ́n Fusarium, tí wọ́n ń pè ní Verticillium, òun ló ń bá alfalfa fúnra rẹ̀ jà. Sweden ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1918. Ó tàn ká Yúróòpù, ó sì dé ìpínlẹ̀ Washington àti Oregon ní Amẹ́ríkà ní 1976, lórí ilẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ bomi rin. Ó lè mú ìkórè wálẹ̀ dé ìdajì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko ló ń gbé e láti oko dé oko, irúgbìn ń gbé e, koríko gbígbẹ tí wọ́n dì tà ń gbé e. Kódà àgùntàn jẹ koríko tó ní àrùn náà, ó yàgbẹ́, fọ́ńgọ́ọ̀sì náà sì wà láàyè nínú ìgbẹ́ náà. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo dìde, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ewúrẹ́ mi, mo ń wo òkìtì ìgbẹ́ tí mo fẹ́ kó lọ sí oko. N kò kó o mọ́.

Ọ̀gá mi, kì í ṣe pé kò ní ẹ̀rọ̀. Ó ní, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ní South Carolina, ọkùnrin kan tó ń bá ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, William Orton, gbin oríṣiríṣi ẹ̀wà sórí ilẹ̀ tí àrùn rírọ ti bàjẹ́. Gbogbo wọn kú, àfi èyí tí wọ́n ń pè ní Iron, ìyẹn irin, tó dúró gbọn-in. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1902. Ọmọ Áfíríkà ni ẹ̀wà, ìlú tiwa yìí ló sì ń gbin ẹ̀wà jù lọ láyé lónìí. Ibùdó ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí wọ́n ń pè ní IITA wà ní Ìbàdàn, láti 1967, wákàtí mélòó kan sí ibi tí mo jókòó sí. Ẹ̀wà tí wọ́n kó pamọ́ síbẹ̀ lé ní oríṣi 15,000. Wọ́n ti ṣe irúgbìn tí a lè jẹ ẹ̀wà rẹ̀ kí ẹran jẹ ìtàkùn rẹ̀. Tiwa ni, a kàn ń lọ ra èyí tó wà nínú àpò ìrẹsì.

Ẹ tún wo òtílí, tí àwọn ìyá wa máa ń sè ní Èkìtì níbí, tí ewúrẹ́ ń jẹ ewé àti èèpo rẹ̀. Òun náà ní Fusarium tirẹ̀, Edwin Butler, onímọ̀ nípa àrùn ewéko, ló fún un lórúkọ ní Íńdíà ní 1910. Àwọn àgbẹ̀ Íńdíà rí i pé bí wọ́n bá gbin òtílí pọ̀ mọ́ ọkà bàbà, àrùn náà máa ń dínkù. Àwọn onímọ̀ wádìí rẹ̀, òótọ́ ni. Àwọn bàbá wa ń gbin òtílí sáàárín ọkà kí a tó bí wa, àwa la sọ pé oko tó ní ohun ọ̀gbìn kan ṣoṣo ló bágbà mu. Nígbà tó yá, ICRISAT, ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn kan tó wà ní Íńdíà, mú òtílí kan jáde tí àrùn rírọ kì í ràn, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Asha. Ìrètí ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè wọn.

Kò sí èyí tí a lè lò nínú gbogbo ìwọ̀nyí bí a kò bá mọ ohun tó ń pa oko wa. Ẹni tó ní Fusarium lóko, ọkà ló yẹ kó gbìn síbẹ̀ fún ọdún díẹ̀. Ẹni tí aràn inú ilẹ̀ ń bá jà, ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí òùngbẹ lásán ń dà láàmú, kó wá omi. Àrùn mẹ́ta, ojú kan náà, a sì ń fi omi àti ajílẹ̀ òyìnbó wo gbogbo wọn.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún yìí kò tóbi, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ nítorí mo ti ṣe é rí pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé. Ẹ ó gé igi tó rọ náà wẹ́wẹ́, ẹ ó fọ ojú rẹ̀ mọ́, ẹ ó gbé e sórí oúnjẹ kan tí wọ́n fi omi pòtétò sísè, ṣúgà àti agar, ohun tó ń mú kó dì, ṣe nínú àwo kékeré. Ẹ ó bò ó. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bó bá jẹ́ Fusarium, yóò hù jáde bí òwú funfun, ìdí rẹ̀ á sì máa pọ́n bí omi sobo. Lẹ́yìn náà ni onímọ̀ yóò fi maikirosíkóòpù wò ó, yóò rí irúgbìn rẹ̀ tó tẹ̀ kọ́rọ́ bí ọkọ̀ ojú omi. Yàrá kan tó mọ́, iná tí kì í ṣe ségesège, àwo, maikirosíkóòpù kan tàbí méjì, àti ẹni tó mọ iṣẹ́. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́-Èkìtì wà ní Ìkọ̀lé níhìn-ín, a lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ti ìpínlẹ̀ náà wà ní Adó. Àwọn ọmọ tó ń wá iṣẹ́ ìwádìí tí wọn yóò fi gboyè kún ibẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ yín bá lè bá wọn ṣe àdéhùn, kí ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ tí àgbẹ̀ lè gbé igi wá, iye tí a ó máa san kò ní wọ̀ wá lọ́rùn. Èmi yóò san tèmi.

Ní ti irúgbìn, òfin irúgbìn ti orílẹ̀-èdè yìí, ti 2019, ti sọ pé ẹni tó bá ń ta ayédèrú irúgbìn ń dá ẹ̀ṣẹ̀. Òfin wà ní Àbújá, àpò ìrẹsì wà ní ọjà Ìkọ̀lé. Ẹ bá wa so méjèèjì pọ̀. Bí ìjọba bá sì ní òun fẹ́ pín irúgbìn oúnjẹ ẹran fún wa lọ́jọ́ kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e sórí àwo yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ má jẹ́ kí inúure yín di ohun tí yóò wà nínú ilẹ̀ wa títí àwọn ọmọ wa yóò fi dàgbà.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi tó bá ń ka èyí, kí ìdáhùn tó dé: igi tó bá ti rọ, ẹ fà á tu tòun ti gbòǹgbò, ẹ sun ún nínú oko níbẹ̀, ẹ má gbé e gba àárín èyí tó ṣì dáa kọjá. Ẹ fọ ọkọ́ yín kí ẹ tó wọ oko mìíràn. Ẹ má tọ́jú ẹ̀wà orí ilẹ̀ yẹn ṣe irúgbìn, bó ti wù kó dára lójú tó. Bó bá jẹ́ ojú ibi kékeré ni, ẹ bomi rin ilẹ̀ náà nígbà tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá mú jù, ẹ fi ọ̀rá funfun tó mọ́ gaara bò ó, ẹ fi ilẹ̀ tẹ etí rẹ̀ pinpin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ooru abẹ́ ọ̀rá yẹn máa ń pa púpọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ìdajì éékà tèmi, ọkà bàbà ló wà lórí rẹ̀ báyìí, ó sì ti ga jù mí lọ. N kò ní gbin ẹ̀wà síbẹ̀ mọ́ títí ẹnì kan yóò fi sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi. Mo tọ́jú mẹ́rin nínú àwọn igi tó rọ yẹn. Mo sá wọn lábẹ́ òjìji títí wọ́n fi gbẹ, mo fi bébà wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọjọ́ tí mo fà á tu àti apá ibi tó wà nínú oko sí i lára. Orí àjà ni wọ́n wà, níbi tí eku kò lè dé. Fusarium kì í tètè kú sínú igi gbígbẹ, nítorí náà ó ṣì ṣeé wò. Ọjọ́ tí ẹ bá ní kí n gbé wọn wá, Adó tàbí ibikíbi, èmi fúnra mi ni n ó gbé wọn wá.

Tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan tó ń sin ewúrẹ́,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.